Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀dọ́ Akọrin Kọ́kọ́ Kọrin Lójú Èèyàn Díẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta, òun náà ni ẹ̀rù tí ó máa ń mú akọrin nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó gba gbohùngbohùn, àti bí àwa tí a wà ní Òṣogbo ṣe lè gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ orin ni mo ń ṣe ní ìlú yìí, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan sì wà ní ìkáwọ́ mi, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí ni mo ń sọ, ó sì ń dùn mí wọ eegun.

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, tí ìkórè bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ìjọ, tí ètò orin Kérésìmesì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àsìkò náà ni a máa ń rí ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ dára púpọ̀ tí yóò dìde níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Nínú yàrá tí a ti ń dánra wò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi di gbohùngbohùn mú tutù nini, ọ̀rọ̀ orin tí ó mọ̀ dunjú sì fò lọ lórí rẹ̀. Ohùn tí ó jáde kò jọ èyí tí a mọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan á ní kò lẹ́bùn, àwọn mìíràn á ní ayé ni ó di í lóhùn, aṣáájú kan á sì bi í bóyá ó gbàdúrà kí ó tó wá. Èmi náà ń gbàdúrà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, lẹ́nu àgbà, ní wákàtí yẹn, ìdájọ́ ni lójú ọmọ. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí wọn kò tún jẹ́ dá orin kọ mọ́. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó ní ohùn jù ni ó máa ń pọ̀ nínú wọn, nítorí ẹni tí ó mọ bí orin náà ṣe yẹ kí ó rí gan-an ni àṣìṣe máa ń bà lẹ́rù jù.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara akọrin ní àkókò náà. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí ó máa ń tú èròjà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọpọlọ bá rí ohun tí ó jọ ewu. Èròjà yìí ni ó ń mú ọkàn sáré, òun ni ó ń mú kí iṣan le, kí èémí kúrú sókè àyà, kí ẹ̀jẹ̀ sì kúrò ní awọ ara àti ní ìka ọwọ́ lọ sínú àwọn iṣan ńlá tí èèyàn fi ń sáré tàbí tí ó fi ń jà. Ẹni tí ẹranko búburú ń lé nínú igbó nílò gbogbo èyí. Ọpọlọ kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ẹranko náà àti ojú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tí ó tẹjú mọ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyà akọrin sì ju ti àwọn olórin yòókù lọ. Onílù tí àyà rẹ̀ ń já ṣì ní ìlù rẹ̀ lọ́wọ́, ìlù náà kò sì bá a bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ara akọrin fúnra rẹ̀ ni ohun èlò orin rẹ̀. Tán-án-ná tí ó wà nínú gògóńgò kéré púpọ̀, iṣan wẹ́wẹ́ ni ó ń fà á tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́, èémí tí ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì ń mú un gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Bí iṣan ọrùn bá ti le, tí èémí sì kúrú, ohùn á máa mì tàbí kí ó kúrò lójú ọ̀nà, gbólóhùn orin tí akọrin máa ń fi èémí kan gbé á sì já sí méjì. Ara tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a ni, kò kan bóyá ọmọ náà lẹ́bùn tàbí kò lẹ́bùn. Ohun kan tún wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ létí àwọn ọ̀dọ́: ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú orin àti ìbẹ̀rẹ̀ orin gan-an ni ẹ̀rù náà máa ń lágbára jù. Ẹni tí ó bá lè fi ara dà á kọjá ẹsẹ orin àkọ́kọ́ yóò rí i pé ara òun ti ń rọlẹ̀.

Àwọn tí orúkọ wọn kárí ayé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1967, Barbra Streisand, akọrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń kọrin níwájú èrò rẹpẹtẹ ní ọgbà Central Park ní New York, ọ̀rọ̀ orin sì sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé ìbẹ̀rù kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ ni ó mú kí òun sá fún eré gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1994 ni ó sì tó tún gbé orin rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó padà, ó jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ orin hàn án lójú ẹ̀rọ níwájú ìtàgé. Adele, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún oníròyìn pé nígbà kan ní Amsterdam, ẹnu ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ fún ìjàǹbá iná ni òun gbà sá jáde. Gbogbo ayé mọ irú ohùn tí àwọn méjèèjì ní. Mo sọ èyí fún àwọn òbí tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn pé bí ó bá jẹ́ pé a dá orin mọ́ ọn ni, ara rẹ̀ kò ní gbọ̀n.

Ohun tí ó ń já mi láyà jù ni oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wo ara wọn. Lẹ́yìn àgọ́ òde ìnáwó, ẹni kan kì í ṣàìsí tí yóò gbé paraga lé akọrin lọ́wọ́ pé kí ó fi ki ara rẹ̀ láyà. Ọtí kò lé ẹ̀rù lọ. Ó ń gbẹ ọ̀fun, ó ń mú kí ọ̀rọ̀ orin tètè sọnù, kì í sì í jẹ́ kí etí gbọ́ ìgbà tí ohùn bá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì ti ara ọtí kọrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé láìsí ọtí òun kò lè kọrin, ibẹ̀ ni ayé àwọn olórin mìíràn ti bàjẹ́. Obì tí àwọn kan ń jẹ kí ojú wọn lè là, àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, èròjà caffeine wà nínú wọn, ọkàn tí ó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò sì tún lé sáré sí i. Omi ni kí akọrin mu.

Oògùn kan tún wà tí ń jẹ́ propranolol, èyí tí James Black, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland, gbé jáde ní àwọn ọdún 1960 fún àìsàn ọkàn, tí ó sì wà lára iṣẹ́ tí ó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Kì í jẹ́ kí adrenaline ráyè dà ọkàn láàmú, àwọn dókítà a sì máa fún àwọn olórin kan ní ìwọ̀nba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée, nítorí pé ó lè fún ọ̀nà èémí rẹ̀ pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kí ó má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù tirẹ̀ bá pọ̀ débi pé kò lè sùn, tàbí tí ó ń bì, tàbí tí ó ń dákú, kí ó lọ rí dókítà.

Àwọn baba wa kò gbọ́ orúkọ adrenaline rí, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń tọ́ akọrin fi hàn pé ẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Ẹni tí ń kọ́ ìjálá lọ́wọ́ ọ̀gá kì í kọ́kọ́ dá sun ìjálá. Yóò máa tẹ̀lé ọ̀gá lọ sí òde àwọn ọdẹ, yóò máa gbọ́, yóò máa sọ ọ́ tẹ̀lé e lábẹ́lẹ̀, yóò máa gbè é, nígbà tí ó bá sì pẹ́, ọ̀gá yóò yọ̀ǹda apá kan fún un níbi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí, tí òun lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá já. Àwọn ọmọ alárìnjó ń bá òbí wọn jó láti kékeré. Ọmọge tí yóò sun ẹkún ìyàwó lójú agbo ilé ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò sì yí i ká lọ́jọ́ náà, àwọn ni yóò máa gbè é. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí a ti inú yàrá gbé lọ sójú èrò lọ́jọ́ kan.

Ìbà tí òṣèré ń jú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí. Nínú ìbà, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Àwọn àgbà ni ó ń kí, àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni ó ń bọ̀wọ̀ fún, àyè ni ó ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni, ohùn kì í ga nínú rẹ̀, àwùjọ sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí yóò fi kí wọn tán, èémí rẹ̀ ti wálẹ̀, àwùjọ tí ó ń bẹ̀rù sì ti di àwọn tí ó ti kí, tí wọ́n sì ti jẹ́ ẹ. Akọrin ìjọ lè ṣe irú rẹ̀. Kí ó kí ìjọ, kí ó mú orin kúkurú kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí wọ́n jọ kọ ọ́, kí ó tó bọ́ sínú orin tí ó dá wá kọ.

Ẹ tún wo ipò elégbè àti onílù. Nínú orin wa, ẹni tí ń lé orin kì í dá wà. Bí ó bá lé, elégbè á gbè, àkókò ègbè náà ni ó fi ń mí, ibẹ̀ náà ni ó ti ń rántí ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Onígángan tí ó mọṣẹ́ ń wo ẹnu akọrin. Bí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ já, á fi ìlù dí àlàfo náà, àwọn tí ó jókòó kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lónìí, a ó gbé ọmọ tí kò dá kọrin níta rí dìde, a ó fi orin tí a ti gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tẹ̀lé e lẹ́yìn, ẹ̀rọ náà kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ náà bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́ kí ó tó wọlé, ẹ̀rọ ti lọ, yóò sì máa sáré lé e títí orin yóò fi parí. Mo ti rò ó títí, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé ẹ̀rọ yìí ń dá kún ẹ̀rù àwọn ọmọ wa ju bí a ti mọ̀ lọ. Ẹni tí ń dá kọrin lójú àwùjọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nílò èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ atẹdùùrù, ìbáà jẹ́ onígángan, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí yóò máa gbè é.

Ìlú wa yìí gan-an ti fi bí a ṣe ń ṣe é hàn rí. Dúró Ládiípọ̀, ọmọ bíbí Òṣogbo, jẹ́ olùkọ́ tí ó ń ṣe orin fún ìjọ kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ níhìn-ín, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré, àwọn olórin àti àwọn ayàwòrán ti ń fi iṣẹ́ wọn han àwọn ará àdúgbò. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni eré Ọba Kò So ti jáde, èyí tí ó dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964, tí ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Àwọn tí wọ́n kọrin níwájú àwọn òyìnbó náà ti kọ́kọ́ kọrin lójú àwọn aládùúgbò tí ó mọ̀ wọ́n. Ó ń dùn mí pé ìlú tí ó ní irú ìtàn yìí kò ní ọgbà kékeré bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, kìkì ìtàgé ńlá bí irú ti Freedom Park ní Old Garage ni a mọ̀ ọ́n gbé wọn lọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí mo ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: ọmọ á kọ́kọ́ kọrin fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹ̀rù ibẹ̀ bá ti rọlẹ̀, á kọ ọ́ fún àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà fún àwa ẹgbẹ́ akọrin, lẹ́yìn náà ní ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kì í pọ̀. N kì í jẹ́ kí ó fo ìpele kankan, n kì í sì í jẹ́ kí ó sá kúrò nínú ìpele kan nígbà tí ẹ̀rù ṣì wà lójú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá sá ní wákàtí yẹn yóò bá ẹ̀rù náà níbẹ̀ nígbà tí ó bá padà, yóò sì ti lágbára sí i. Orí ìdúró ni kí ó ti máa dánra wò, kí ó wọ bàtà àti aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó so ìró le mọ́ ikùn débi pé èémí kò rí ibi gbà, tí wọ́n sì rò pé ẹ̀rù nìkan ni ó fún wọn lọ́fun. Kí ó lọ síbi tí yóò ti kọrin ṣáájú, kí ó di gbohùngbohùn ibẹ̀ mú, kí ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún nínú rẹ̀. Mo tún máa ń dá wọn dúró láàárín orin lójijì, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń wọlé padà láti ibikíbi, torí ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè wọlé padà kì í bẹ̀rù ìṣubú púpọ̀ mọ́.

Ní ti èémí, kí ó fi imú fà á wọlé kí ikùn sì wú, kí ó rọra tú u jáde, kí ìtújáde náà sì gùn ju ìfàwọlé lọ. Báyìí ni ọkàn ṣe ń dín eré kù, ó sì ṣeé ṣe lórí ìjókòó láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní 2014, Alison Wood Brooks, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ó ní kí àwọn èèyàn kọrin níwájú ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n bí ohùn ṣe bọ́ sójú ọ̀nà tó. Àwọn tí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu ara wọn sọ pé ara àwọn ti wà lọ́nà fún un kọrin dára ju àwọn tí ó ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ọkàn tí ń sáré nítorí ẹ̀rù àti ọkàn tí ń sáré nítorí ayọ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe ń lù. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo ti dẹ́kun sísọ fún ọmọ pé kí ó má bẹ̀rù. Ohun tí mo ń sọ fún un ni pé ara rẹ̀ ti ṣe tán láti kọrin.

Àwùjọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ohùn ọmọ bá mì, ẹ jẹ́ kí a bá a gbe orin náà, kí a pàtẹ́wọ́ sí i, kí onílù bá a gbé e. Fóònù tí a ń nà sókè láti ya àṣìṣe ọmọ kí a tó gbé e sórí Facebook ń ṣe ìkà. Tẹ́lẹ̀ rí, àṣìṣe tí akọrin bá ṣe ní òde máa ń parí sí òde náà. Ní ìsinsìnyí, ọmọ náà mọ̀ pé bí òun bá ṣubú, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ òun yóò ti rí i kí òun tó délé. Ẹ̀rù tuntun ni èyí, àwa àgbà ni a sì dá a sílẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ìkórè tàbí ètò orin Kérésìmesì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò dá kọrin. Kí wọ́n lo ìsìn ìrọ̀lẹ́ àti ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Mo bẹ àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ ní oṣooṣù, nínú kíláàsì kan péré, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọrin, láìsí ìdíje, láìsí máàkì, láìsí fóònù. Mo bẹ àwọn tí ń ṣètò ìdíje orin pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ dé orí ìtàgé náà ní àárọ̀, kí wọ́n dán gbohùngbohùn wò, kí wọ́n sì fi onílù tàbí atẹdùùrù tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀yin Olóòtú náà, bí àyè bá gbà yín, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé tí ẹ̀rù yìí ti mú rí kí wọ́n kọ̀wé sí yín lórí ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò kà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ orin kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.